Prostate Kì í Ṣe Orúkọ Àìsàn: Ibi tí Ọ̀rọ̀ Náà ti Wá àti Ohun tí Ó Túmọ̀ Sí

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2024, ààfin ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé Ọba Charles ń lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn nítorí pé prostate rẹ̀ wú. Kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ tí ìròyìn mìíràn fi jáde pé wọ́n rí àrùn jẹjẹrẹ lára ọba náà, ṣùgbọ́n pé jẹjẹrẹ ọ̀hún kì í ṣe ti prostate. Nígbà tí ó di oṣù Èbìbí ọdún 2025, a tún gbọ́ pé Joe Biden, tí ó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, ní jẹjẹrẹ prostate, àti pé àrùn náà ti ràn dé inú egungun rẹ̀. Àwọn ìròyìn wọ̀nyí dé Ògbómọ̀ṣọ́ bí wọ́n ti dé gbogbo ibi tí rédíò àti fóònù ń dé, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, láti Sábó títí dé Òkè-Àdó, ni pé ohun kan náà ni ó ṣe ọba àti ààrẹ: “prostate” ni ó mú àwọn méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé. Bí wọ́n bá bi ọmọ kan pé kí ni ó ṣe bàbá rẹ̀, yóò ní, “Prostate ni.” Aládùúgbò yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀, yóò sọ fún ẹlòmíràn pé, “Bàbá yẹn ti ní prostate.” Gbólóhùn kékeré yìí ni mo fẹ́ tú palẹ̀, nítorí pé àṣìlóye tí ó wà nínú rẹ̀ ń pa ènìyàn lára. Ó ń dẹ́rù ba ẹni tí kò yẹ kí ẹ̀rù bà, ó sì ń fi ọkàn ẹni tí ó yẹ kí ó tètè lọ rí dókítà balẹ̀.

Prostate kì í ṣe àìsàn. Ẹ̀yà ara ni. A bí i mọ́ gbogbo ọkùnrin, ọba àti mẹ̀kúnnù, ẹni tí ara rẹ̀ le àti ẹni tí ó ń ṣàìsàn.

Kí ni à ń pè ní prostate gan-an?

Àwọn ẹ̀yà kan wà nínú ara ènìyàn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa pèsè omi tàbí èròjà tí ara nílò. Èyí tí ó wà lábẹ́ ahọ́n àti ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń pèsè itọ́, èyí tí ó wà nínú ọmú abiyamọ ń pèsè omi ọmú, èyí tí ó wà lókè ẹyinjú ń pèsè omijé, àwọn tí ó wà nínú awọ ara sì ń pèsè òógùn. Gland ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni prostate, ara ọkùnrin ni ó sì wà.

Ibi tí ó fara pamọ́ sí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé a kò lè fi ojú rí i láti ìta. Ó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn lọ́hùn-ún, nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ gan-an, níwájú ìpẹ̀kun ìfun tí ìgbẹ́ ń gbà jáde. Kì í ṣe inú ẹpọ̀n ni ó wà, nítorí náà kò sí ohun tí ó pa òun àti ìpá pọ̀. Kì í sì í ṣe ojú ihò ìdí ni ó wà, nítorí náà òun àti jẹ̀díjẹ̀dí kò bára tan. Lára ọkùnrin tí ó ti bàlágà tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí gíráàmù 20, ìbú rẹ̀ a tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4, gíga rẹ̀ a sì tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nípa ibi tí ó wà ni pé ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde láti inú àpò rẹ̀ la àárín prostate kọjá, gẹ́gẹ́ bí òwú ṣe máa ń gba inú ìlẹ̀kẹ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ kí òwú àti ìlẹ̀kẹ̀ yìí wà lọ́kàn yín, nítorí pé ẹni tí ó bá ti rí i lọ́kàn rẹ̀ pé inú prostate ni ìtọ̀ ń gbà kọjá kò ní í ṣòro fún un mọ́ láti mọ ìdí tí wíwú ẹ̀yà kékeré yìí fi ń dá bàbá àgbàlagbà jí lóru.

Iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe?

Omi kan tí ó ṣàn, tí ó sì funfun díẹ̀, ni prostate ń pèsè. Nígbà tí àtọ̀ bá ń jáde lára ọkùnrin, omi yìí yóò dà pọ̀ mọ́ èyí tí ó wá láti inú àpò kékeré méjì tí ó wà lẹ́yìn àpò ìtọ̀, àti mọ́ irúgbìn ọmọ tí ó ti inú kórópọ̀n wá. Bí a bá pín àtọ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, nǹkan bí ìdá méjì sí mẹ́ta ni ó ń ti inú prostate wá. Èròjà kan wà nínú omi náà tí ó máa ń tú àtọ̀ tí ó bá ki, kí irúgbìn ọmọ lè rí ọ̀nà rìn nínú ara obìnrin. A óò tún bá èròjà yìí pàdé níwájú, nítorí pé òun ni dókítà máa ń wá nínú ẹ̀jẹ̀.

Prostate kọ́ ni ó ń pèsè ìtọ̀, kíndìnrín ni. Òun kọ́ ni ó ń pèsè irúgbìn ọmọ; kórópọ̀n ni. Òun kọ́ sì ni ó ń mú kí nǹkan ọmọkùnrin dìde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn iṣan tín-ín-tìn-ìn-tín tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, èyí tí ó jẹ́ kí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá ṣe láti yọ prostate kúrò lè kan ọ̀rọ̀ náà.

Níbo ni orúkọ náà ti wá?

Gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú èdè Gíríìkì. Nínú èdè náà, pro túmọ̀ sí iwájú, ìyókù ọ̀rọ̀ náà sì wá láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn dúró. Ẹni tí ó dúró níwájú ni prostates: aṣíwájú, olórí, aláàbò. Ní ìlú Athens àtijọ́, àlejò tí ó bá fẹ́ máa gbé ìlú náà gbọ́dọ̀ ní ọmọ onílùú kan tí yóò dúró fún un nídìí ọ̀ràn, prostates sì ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ó wá rọrùn láti rò pé àwọn oníṣègùn Gíríìkì ni wọ́n rí ẹ̀yà ara yìí, tí wọ́n rí i pé ó dúró síwájú àpò ìtọ̀, tí wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ fún un ní orúkọ. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó sọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n tilẹ̀ ń dárúkọ Herophilus, oníṣègùn tí ó gbé ní Alexandria ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù, pé òun ni ó sọ ọ́ lórúkọ. Ìtàn náà dùn ún gbọ́, ó sì ṣe ṣókí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ ṣe lọ. Ohun tí a bá nínú ìwé àwọn ará àtijọ́ nípa àwọn ẹ̀yà tí ó wà ní sàkáání yẹn ni parastatai, èyí tí ó túmọ̀ sí àwọn tí ó dúró ti ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, irú bí ọmọ ogun ti í dúró ti ẹnìkejì rẹ̀ lójú ìjà. Àwọn àpò kékeré méjì tí ó ń fi omi kún àtọ̀, tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà pè. Prostate fúnra rẹ̀ kò ní orúkọ tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni ó kọjá kí ẹnikẹ́ni tó kọ nípa rẹ̀ kedere. Galen, tí ìwé rẹ̀ jẹ́ atọ́nà fún àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù fún ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, ara ẹranko ni ó máa ń là wò, kì í ṣe ti ènìyàn, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó sì wá lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣe ju kí wọ́n máa ka ohun tí ó kọ. Ọdún 1536 ni Niccolò Massa, oníṣègùn kan ní ìlú Venice ní Ítálì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹran kan wà tí ọrùn àpò ìtọ̀ jókòó lé lórí. Ní ọdún 1538, Andreas Vesalius, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara ènìyàn, ya àwòrán rẹ̀. Àwọn méjèèjì rí i, wọ́n júwe rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó pè é ní prostate nínú wọn.

Ilẹ̀ Faransé ni orúkọ náà ti wá bẹ̀rẹ̀ sí hàn. Ambroise Paré, oníṣẹ́ abẹ tí ó sin àwọn ọba Faransé, ti lo ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1549. Nígbà tí ó di ọdún 1600, André du Laurens, oníṣègùn Faransé mìíràn, kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ ní èdè Látìnì pé prostatae, ó sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìgbà náà ti ń pè é tẹ́lẹ̀. Ibí yìí ni àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ìṣáájú lò ni parastatai, àwọn tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ti Faransé kọ sílẹ̀ túmọ̀ sí àwọn tí ó dúró níwájú, wọ́n sì gbé e kúrò lórí àpò kékeré méjì náà wá sórí ẹ̀yà mìíràn. Èdè Gíríìkì àti Látìnì a sì máa pín ọ̀rọ̀ sí akọ àti abo, èyí tí Yorùbá kì í ṣe. Akọ ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà, abo ni wọ́n sì fi ṣe nígbà tí wọ́n ń mú un wọ Látìnì. Lẹ́yìn gbogbo èyí, wọ́n gbà pé méjì ni ẹ̀yà náà, ìdí nìyí tí wọ́n fi pè é bí ẹni ń pe ohun tí ó ju ọ̀kan lọ.

Àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ 1700 sí ìwájú ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí yé gbogbo onímọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo ni prostate. Ní àsìkò kan náà ni ọ̀rọ̀ náà wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì bí a ti ń pè é lónìí, William Cheselden tí ó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń ka èyí sí lọ́rùn. Ní ọdún 1811, Everard Home, oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, kọ odidi ìwé kan lórí àwọn àìsàn tí ó máa ń ṣe ẹ̀yà náà àti bí a ṣe lè tọ́jú wọn. Ẹ kíyè sí i bí ìwé náà ṣe pe ọ̀rọ̀: àìsàn prostate ni ó kọ nípa rẹ̀. Kò pe prostate ní àìsàn.

Mo lo àkókò lórí ìtàn yìí nítorí pé mo fẹ́ kí ó hàn gbangba pé kò sí ibì kankan nínú orúkọ náà tí ìrora, ogbó tàbí jẹjẹrẹ wà. Ibi tí nǹkan dúró sí ni orúkọ náà ń sọ, àní ó sì ṣi ibẹ̀ sọ.

Ṣé ọ̀kan náà ni prostate àti prostrate?

Rárá o. Lẹ́tà r kan ni ó fi kún èkejì, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn jìn síra. Prostrate ni ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ìdọ̀bálẹ̀, inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó jẹ mọ́ kí a na nǹkan sílẹ̀ ni ó sì ti wá. A máa ń rí i lára pátákó ilé ìtajà oògùn àti nínú àwọn ìkéde tí ó ń lọ kiri lórí WhatsApp pé “prostrate cancer”. Ẹni tí ó kọ bẹ́ẹ̀ ti kọ jẹjẹrẹ ìdọ̀bálẹ̀, kò sì sí ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wá àlàyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò ṣe dáadáa bí ó bá kọ ọ́ bí ó ti yẹ.

Ṣé obìnrin náà ní in?

Obìnrin kò ní prostate bíi ti ọkùnrin, nítorí náà wíwú tí à ń sọ yìí kì í ṣe wọ́n. Àwọn gland kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìtọ̀ obìnrin tí Alexander Skene, dókítà ọmọ Scotland tí ó ṣiṣẹ́ ní Brooklyn ní Amẹ́ríkà, júwe ní ọdún 1880. Nítorí pé orísun kan náà ni wọ́n àti prostate ní nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, àwọn onímọ̀ kan máa ń pè wọ́n ní prostate obìnrin.

Kí ló wá dé tí a fi sọ orúkọ ẹ̀yà ara di orúkọ àìsàn?

Gígé ọ̀rọ̀ kúrú ni ó fà á. Gbogbo gbólóhùn tí dókítà sọ máa ń gùn, ó sì máa ń jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ilé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó máa ń kù lẹ́nu ẹni tí ó gbọ́ ọ. Báyìí náà ni a ṣe ń sọ pé ẹnì kan “ní BP”, nígbà tí ó jẹ́ pé kò sí alààyè tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní ìfúnpá.

Ẹ wo ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń fún ènìyàn lẹ́yìn tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ya àwòrán ikùn rẹ̀. Ìlà kan yóò wà fún ẹ̀dọ̀, òmíràn fún kíndìnrín, òmíràn fún àpò ìtọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin ni, ìlà kan yóò wà fún prostate pẹ̀lú, wọ́n yóò sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ síwájú rẹ̀, irú bíi 24 ml tàbí 55 ml. Ọmọ tí ó mú bàbá lọ yóò kà á títí tí yóò fi kan ọ̀rọ̀ tí ó ti ń gbọ́ ládùúgbò, yóò sì dúró.

“Bàbá, wọ́n kọ prostate síbí o.”

“Ṣé ó ti mú mi náà nìyẹn?”

Kò sí ẹni tí ó ka ìlà ti ẹ̀dọ̀ kí ó wá sọ pé ẹ̀dọ̀ ti mú bàbá. Ìwé ọkùnrin gbogbo ni ìlà prostate máa ń wà. Ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ni kí a bi dókítà.

Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sábà máa ń ṣe ẹ̀yà yìí: ó lè wú lásán bí ọjọ́ orí ti ń gòkè, kòkòrò àrùn lè wọ inú rẹ̀, jẹjẹrẹ sì lè mú un. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ pé òun “ní prostate”, kò tíì sọ èwo nínú wọn fún wa.

Kí ni wíwú tí kì í ṣe jẹjẹrẹ?

Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù, òun náà ni ó ṣe Ọba Charles. Bí ọkùnrin bá ti ń kọjá ogójì ọdún, àárín prostate, èyí tí ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, a máa bẹ̀rẹ̀ sí tóbi díẹ̀díẹ̀. Nínú àwọn ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 51 sí 60, nǹkan bí ìdajì ni ó ti ń rí bẹ́ẹ̀ fún; nígbà tí wọ́n bá fi máa kọjá ọdún 80, wọ́n lè tó mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ara ń ni. Ẹlòmíràn wà tí prostate rẹ̀ tóbi gan-an tí kò sì mọ̀ ọ́n lára, nígbà tí ti ẹlòmíràn kò tíì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì rí oorun sùn.

Ojú ihò ìlẹ̀kẹ̀ ni ó ń dí mọ́ òwú. Bàbá yóò dúró nílé ìtọ̀, yóò dúró títí, ìtọ̀ kò ní í tètè yọ. Nígbà tí ó bá yọ, kò ní í le bíi ti tẹ́lẹ̀, yóò máa dá dúró, yóò tún máa bọ̀, yóò sì máa kán lẹ́yìn tí ó bá ti rò pé ó ti tán. Yóò jí lóru lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àpò ìtọ̀ kì í gbẹ tán, èyí tí ó kù nínú rẹ̀ sì lè fa kòkòrò àrùn tàbí kí ó di òkúta. Bí ó bá pẹ́ tí wọn kò tọ́jú rẹ̀, ìtọ̀ lè máa ti padà sókè, kí ó sì ba kíndìnrín jẹ́, èyí ni ó sì jẹ́ kí n sọ pé ohun tí kì í ṣe jẹjẹrẹ náà kò ṣe é fojú di.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àtọ̀sí tí bàbá kó nígbà èwe rẹ̀ ni ó padà wá bá a. Èrò yìí ti dójú ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lásán, kì í sì í ṣe òótọ́ nípa wíwú yìí: ọjọ́ orí àti èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin ni ó ń fà á. Ẹni tí kò mọ ju ìyàwó rẹ̀ lọ láti ọjọ́ tí ó ti gbé e níyàwó lè ní in. Kò tọ́ kí ọmọ tàbí ìyàwó máa wo bàbá pẹ̀lú ojú ẹ̀sùn nítorí rẹ̀.

Oògùn wà fún un. Irú kan wà tí ó máa ń dẹ ẹran ara tí ó fún ọ̀nà ìtọ̀ pọ̀, tamsulosin wà nínú irú yìí, ìrọ̀rùn rẹ̀ sì lè hàn láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Irú kejì, bíi finasteride, máa ń mú kí prostate fúnra rẹ̀ sún kì, ṣùgbọ́n ó ń gba oṣù mélòó kan, nítorí náà ẹni tí ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó sọ pé kò ṣiṣẹ́ ti kánjú. Bí oògùn kò bá tó, iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n máa ń fi irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ìtọ̀ wọlé ṣe, láìla ikùn, láti gé èyí tí ó dí ọ̀nà kúrò. Dókítà ni yóò sọ èyí tí ó bá ara kálukú mu.

Ti kòkòrò àrùn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó máa ń mú èwe àti àgbà, ó sì lè dé lójijì pẹ̀lú ibà, òtútù, ìrora láàárín ẹpọ̀n àti ihò ìdí, àti ìtọ̀ tí ń ta ènìyàn. Oògùn tí ń pa kòkòrò ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ẹni tí ibà bá sì bá a pọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

Kí ni ó mú kí jẹjẹrẹ prostate yàtọ̀?

Jẹjẹrẹ yìí ni ó ń mú ọkùnrin jù lọ ní Nàìjíríà nínú gbogbo oríṣi jẹjẹrẹ. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ̀ nípa rẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ibi tí ó ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àárín prostate, lẹ́bàá ọ̀nà ìtọ̀, ni wíwú lásán ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìn ìta rẹ̀, níhà ibi tí ìgbẹ́ ń gbà, ni jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí pé ó jìnnà sí ọ̀nà ìtọ̀, ìtọ̀ ènìyàn lè máa ṣàn geere kí jẹjẹrẹ sì ti wà níbẹ̀. Ìgbà tí ó bá ti tóbi tàbí tí ó ti ràn lọ sínú egungun ni ẹ̀yìn tàbí ìbàdí yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí dun ẹni náà.

Nítorí náà, bàbá tí ó ń jí lóru láti tọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbà pé jẹjẹrẹ ti mú òun, bàbá tí ìtọ̀ rẹ̀ dára kò sì gbọ́dọ̀ fi ìyẹn búra pé kò sí jẹjẹrẹ. Wíwú lásán kì í sì í di jẹjẹrẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì lè wà lára ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ewu rẹ̀ pọ̀ jù fún àwọn àgbàlagbà, fún àwọn tí bàbá tàbí arákùnrin wọn ti ní in, àti fún àwa ènìyàn dúdú. Ní Amẹ́ríkà, ikú tí ó ń ti ọwọ́ rẹ̀ wá láàárín àwọn ọkùnrin dúdú tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba irú wa nímọ̀ràn pé kí á bá dókítà sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò láti nǹkan bí ọdún 45, kí ẹni tí ó ju ẹyọ kan lọ ti ní in nínú bàbá àti àwọn arákùnrin rẹ̀ má sì jẹ́ kí ó kọjá ọdún 40.

Kí ni PSA tí wọ́n máa ń ní kí á lọ yẹ̀ wò?

Èròjà inú omi prostate tí mo ní ó ń tú àtọ̀ ni PSA. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àyẹ̀wò rẹ̀ ní ọdún 1986 fún títọpinpin àwọn tí wọ́n ti mọ̀ pé wọ́n ní jẹjẹrẹ, ó sì di ọdún 1994 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i láti fi wá jẹjẹrẹ lára ẹni tí kò tíì mọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò máa ń fi 4 (ng/ml, ìyẹn ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀) ṣe ààlà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú ni pé prostate ni ó ń ṣe PSA, kì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan. Bí prostate bá tóbi lásán, PSA lè gòkè. Bí kòkòrò bá wọ inú rẹ̀, ó lè gòkè gan-an. Bí ọkùnrin bá bá ìyàwó rẹ̀ lò pọ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú àyẹ̀wò, ó lè gòkè díẹ̀. Lọ́nà kejì, ẹni tí tirẹ̀ kò tó 4 náà lè ní jẹjẹrẹ. Nítorí náà, nọ́ńbà tí ó ga kì í ṣe ìdájọ́. Ó jẹ́ ìdí láti wádìí sí i. Dókítà lè fi ìka tí ó wọ ìbọ̀wọ́ gba ihò ìdí kan prostate láti mọ̀ bóyá ó ti le tàbí ó ní kókó, àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ń sá fún nítorí ìtìjú, tí kò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ó bá yẹ, wọ́n yóò mú ẹran díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, èyí sì ni ó lè sọ pàtó bóyá jẹjẹrẹ wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Kí ni kí á bi dókítà?

Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ìlú tí ènìyàn kò ti lè rí ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un. Ilé ìwòsàn tí ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní ọdún 1907 ni ó di ti Yunifásítì Bowen lónìí, ilé ìwòsàn LAUTECH náà sì wà nílùú. Ẹni tí ó bá mú bàbá lọ, kí ó bèèrè pé: “Ẹ jọ̀wọ́, dókítà, kí ni ó ṣe prostate bàbá wa? Ṣé wíwú lásán ni, ṣé kòkòrò ni, àbí jẹjẹrẹ?” Bí ó bá jẹ́ pé wọn kò tíì mọ̀, kí ó bèèrè àyẹ̀wò tí yóò sọ ọ́. Kí ó jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí ó má baà tún gé kúrú kí ó tó délé. Bí bàbá bá sì ń mu àgbo, kí ó sọ fún dókítà láìbẹ̀rù, nítorí pé ohun tí ó ń wọ ikùn aláìsàn ṣe pàtàkì sí ẹni tí yóò kọ oògùn fún un.

Ohun kan wà tí kò ní sùúrù. Bí ìtọ̀ bá sé pátápátá, tí ìsàlẹ̀ ikùn ń wú, tí bàbá ń jẹ̀rora, kì í ṣe àgbo ni ó kàn, kì í sì í ṣe kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́; ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ọtí àmujù lè fa èyí lójijì fún ẹni tí prostate rẹ̀ ti tóbi tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oògùn ọ̀fìnkìn kan tí ń la imú, nítorí náà kí ó tó rà wọ́n ní kẹ́mísìtì, kí ó sọ pé prostate òun tóbi. Nílé ìwòsàn, wọ́n yóò ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ojú ìtọ̀ wọ inú àpò rẹ̀, ìtọ̀ yóò sì dà jáde. Lẹ́yìn tí ara bá ti tù ú ni wọn yóò wá wádìí èwo nínú mẹ́ta náà ni ó fà á. Wọn kì í sáré yẹ PSA wò lọ́jọ́ náà, nítorí pé rọ́bà yẹn fúnra rẹ̀ lè mú kí ó gòkè.